Awò VR kan ní Sùúrùlérè: ibi tó ti wúlò, àti ibi tó ti kọ̀

Ilé ìtọ́jú kékeré kan ni, ní Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi ìdárayá dá agbára ara padà, fún àwọn tí rọpá-rọsẹ̀ mú lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Yàrá mẹ́ta, obìnrin físíò kan tó ni ibẹ̀, olùrànlọ́wọ́ méjì, àti èrò tó máa ń kún ìjókòó iwájú láti àárọ̀. Ní ìparí ọdún 2022, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó ń gbé ní Houston fi awò VR (virtual reality, ayé àfẹ̀rọṣe) kan ránṣẹ́ sí i. Irú èyí tí kò nílò kọ̀ǹpútà ni: èèyàn á gbé e sójú, á so okùn rẹ̀ mọ́rí, á mú ọ̀pá ìdarí kan dání lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tó jókòó sí á sì di ayé mìíràn lójú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti bá ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo sì bá wọn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó parí sí. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi káàkiri ni bóyá awò yìí lè di ohun tí tọmọdé tàgbà á máa lò lójoojúmọ́. Ohun tí mo rí ní ilé ìtọ́jú yẹn là mí lóye ju gbogbo ìpolówó tí mo ti kà lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí físíò fi fẹ́ ẹ. Apá tí rọpá-rọsẹ̀ mú, iṣan rẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́; ọpọlọ ni kò rí ọ̀nà darí rẹ̀ mọ́. Kí ọpọlọ tó tún ọ̀nà náà kọ́, aláìsàn ní láti ṣe ohun kan náà léraléra, ká na ọwọ́, ká di nǹkan mú, ká gbé e, ká sọ ọ́ kalẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 ka iye ìgbà tí aláìsàn ń fi apá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìjókòó físíò kan, 32 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ó kéré jọjọ. Ó máa ń sú aláìsàn, ó sì máa ń sú ẹni tó dúró tì í pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni VR ti lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, gbé ìròyìn kan jáde lọ́dún 2017 lórí ìwádìí 72 tó kan aláìsàn 2,470. Tí wọ́n bá fi VR rọ́pò físíò tí a mọ̀, wọn ò rí i pé ó ṣàǹfààní fún apá jù ú lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá fi kún físíò tó wà nílẹ̀, tí àkókò tí aláìsàn fi ń lo apá sì gùn sí i, apá náà ń ṣe dáadáa sí i. Obìnrin físíò yẹn mọ èyí dáadáa. Kò ṣèlérí ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó fẹ́ ni kí àwọn aláìsàn rẹ̀ na ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà sí i kó tó sú wọn.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni Alhájà kan tó lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, tó ń ta àǹkárá àti léèsì ní Balógun. Apá òsì ni àìsàn náà mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ já gaara, ó ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò lè di nǹkan mú pẹ́, kò sì lè gòkè kọjá àyà.

Orí ni wàhálà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Okùn aṣọ tó bá awò náà wá máa ń gba àtàrí kọjá, ó sì ń fẹ́ orí tí nǹkan kan ò bò. Alhájà wé ìborí, ọkùnrin kan sì wà lórí àga kejì tó ń ṣe ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Dókítà, n ò lè ṣí orí níbí.” Wọ́n gbìyànjú láti so okùn náà lé ìborí. Aṣọ ń yọ̀, awò ń sọ̀ kalẹ̀, àwòrán sì ń ṣú, nítorí ìwọ̀nba àyè díẹ̀ ni ẹyinjú gbọ́dọ̀ wà níwájú dígí inú awò kó tó ríran kedere. Obìnrin mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, kò fẹ́ kí okùn tú u. Bàbá kan ní gíláàsì ojú tirẹ̀, kò sì wọ inú awò. Bí wọ́n ṣe lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, àwọn aláìsàn tó kọ awò náà pọ̀ ju àwọn tó lò ó lọ, kò sì sí èyí tó sọ pé àwòrán inú rẹ̀ kò dára.

Ohun tó yanjú rẹ̀ kò wọ́n. Oríṣi ìdè kan wà tó ń jókòó síwájú orí bí adé, tó sì ń jẹ́ kí awò so rọ̀ níwájú ojú láì di ojú náà pinpin. Sony ti lo irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún PlayStation VR, awò tirẹ̀, láti ọdún 2016. A rí èyí tó bá awò wa mu ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ó ń jókòó lé ìborí láì yọ̀, kò tẹ irun, ó sì fi àyè gba gíláàsì. Mo ní èrò tó lágbára lórí èyí. Àwọn tó ń ṣe awò yìí ń lo ọ̀pọ̀ owó láti mú àwòrán dán sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìlú bíi Èkó kò lè gbé e sórí láì tú nǹkan kan ká. Ẹni tó bá fẹ́ mú awò VR wọ ibi iṣẹ́ kankan níbí, kó ti ra ìdè yẹn mọ́ awò láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rù ló tẹ̀ lé orí. Ohun tí olùrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ fi hàn Alhájà ni àwòrán kan tó ń gbé èèyàn fò lórí òkè, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ gbádùn rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí òòyì fi kọ́ Alhájà, òógùn bò ó, ó sì ní èébì fẹ́ gbé òun. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń lọ, omi inú etí tó ń mú wa dúró ṣinṣin sì ń sọ pé a jókòó jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣòfin pé eré èyíkéyìí tó bá ń gbé aláìsàn kúrò níbi tó wà kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìtọ́jú. Kí aláìsàn jókòó, kí ayé inú awò náà dúró, kó jẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń rìn. Òfin kejì ni pé wọ́n máa ń gbé àwòrán inú awò sórí fóònù kan, kí aláìsàn kọ́kọ́ wo bí ẹlòmíì ṣe ń ṣe é, kí olùrànlọ́wọ́ sì lè rí ohun tí aláìsàn ń rí nígbà tó bá kan tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ṣe ni olùrànlọ́wọ́ máa ń béèrè pé “Kí lẹ ń rí báyìí, Mà?”, tí aláìsàn á máa ṣàlàyé ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Awò náà ní bátìrì tirẹ̀ tó ń tó nǹkan bíi wákàtí méjì, kò sì sí ẹni tó rò pé àìsíná kàn án. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kéékèèké wà lára rẹ̀ níta, àwọn ló ń wo ògiri, tábìlì àti ilẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè mọ ibi tí orí èèyàn wà àti ibi tó kọjú sí. Bí yàrá bá ti ṣókùnkùn, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan mọ́. Àwòrán iwájú Alhájà dúró gbagidi, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan sì yọ síbẹ̀ tí kò yé e. Kò mọ̀ pé iná lọ, torí ojú rẹ̀ wà nínú awò. Ohun tó mọ̀ ni pé fáànù dákẹ́, àwọn tó wà ní yàrá kejì ń pariwo, ayé tó wà níwájú rẹ̀ sì kú. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá ẹ̀gbẹ́ àga, ó ń pe olùrànlọ́wọ́: “Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ bá mi yọ nǹkan yìí!”

Wọ́n gbé àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé lọ́jọ́ kejì kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọ́n, èyí sì mú ọ̀ràn mìíràn wá. Dígí inú awò a máa kó oòrùn jọ sójú kan bí awò tí ọmọ ilé ìwé fi ń dáná sun ewé gbígbẹ. Ẹnì kan gbé awò náà sórí fèrèsé, ó dojú dígí kọ ìta, oòrùn ọ̀sán sì wọ inú rẹ̀. Àmì pupa rúsúrúsú kan mọ́ ojú àwòrán lápá ọ̀tún, kò sì lọ mọ́ títí dòní. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe awò náà kọ́, ìkìlọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá. Ìwé náà ló wà nínú páálí lókè àpótí. Ní báyìí, iná tó ń gba ṣájì kan wà lórí ògiri tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ, awò náà sì ní àpò dúdú tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ní kété tó bá kúrò lójú èèyàn.

Ojú tún ni ti ìmọ́tótó. Awò kan náà ni gbogbo wọn ń gbé sójú, a sì mọ bí Apólò ṣe máa ń ran odindi ilé lọ́wọ́ kan. Fóòmù tó yí ojú awò ká ń fa òógùn mu, kò ṣeé fọ̀ dáadáa. Wọ́n fi ìbòrí rọ́bà tó ṣeé nù rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n kì í lò ó lọ́jọ́ náà. Èyí kò gbà wá lákòókò rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí obìnrin físíò náà pààrọ̀ eré. Títí di ìgbà yẹn, bàlúùnù ni wọ́n ń ní kí Alhájà máa fi ọwọ́ bẹ́. Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n fipá mú, ọwọ́ rẹ̀ kì í kọjá àyà. Ó béèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé ọmọdé ni wọ́n ka òun sí ni. Físíò wá rí ètò kan tí wọ́n ti ń to àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi sórí pẹpẹ. Nítorí pé ọwọ́ òsì kò lè di ọ̀pá ìdarí mú, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ àti ọ̀pá náà pọ̀, kò dì í le jù, kò sì tú. Mo wà níbẹ̀. Ètò náà ní kó to àpótí mẹ́fà. Ó tò wọ́n tán, ó wò wọ́n, inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn tò, ó kó pupa síwájú, ó ti aláwọ̀ ewé sẹ́yìn, ó ní ẹni tó bá tajà báyìí, oníbàárà á kọjá lọ ni. Pẹpẹ òkè ga ju èjìká lọ. Ọwọ́ òsì gbéra, ó ń gbọ̀n, ó dúró ní àyà bó ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú dé pẹpẹ náà. Alhájà ò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni àpótí aláwọ̀ ewé tí kò dúró dáadáa. Físíò kàn wo ojú fóònù, ó wo apá náà, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì sí wa pé ká má sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó máa ń na ọwọ́ ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ nínú ìjókòó kan, kò sì ní kí wọ́n dá a dúró. Tí a bá ń wá ìdí rẹ̀, mi ò gbà pé dídán àwòrán ló fà á. Àwọn àpótí yẹn ò dán rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló jọ iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí i, ó sì fẹ́ ra tirẹ̀ sílé. Èyí ni ìbéèrè ńlá náà gan-an. Lọ́dún 1968 ni Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ṣe awò kan tó wúwo débi pé òrùlé ni wọ́n so ó rọ̀ sí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé ọjọ́ kan á dé tí gbogbo ilé á ní irú rẹ̀. Facebook ra Oculus, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò VR, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ́dún 2014 lórí ìrètí yẹn. Ní October 2023, Meta, orúkọ tuntun tí Facebook ń jẹ́, gbé awò Quest 3 jáde ní dọ́là 499, ó sì wúwo tó 515 gíráàmù. Ní February 2024, Apple gbé Vision Pro tirẹ̀ jáde ní dọ́là 3,499, tó tún wúwo jù ú lọ, tí bátìrì rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ nínú àpò. Ní February yẹn kan náà, dọ́là kan ti ju 1,500 náírà lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 460 ni ṣáájú June 2023. Awò dọ́là 499 di nǹkan bíi 750,000 náírà kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Pẹ̀lú owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi sí 70,000 náírà ní July 2024, ó ju owó oṣù mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló dá a dúró, torí ọmọ náà lágbára owó yẹn. Físíò ní kó kọ́kọ́ yá ti ilé ìtọ́jú lọ fún ìparí ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wò ó. Awò náà padà dé láì kúrò nínú àpò. Nígbà tí a béèrè, ìdáhùn Alhájà fúnra rẹ̀ ló yé mi jù. Ọwọ́ méjì la fi ń so awò yẹn mọ́rí, ẹyọ kan ló sì ní. Kò lè gbé e sórí fúnra rẹ̀, kò lè wé ọ̀pá mọ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà Third Mainland Bridge kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rọ béèrè fún nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé fóònù ẹ̀gbọ́n físíò ní Houston ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àárín òru sì ni lọ́hùn-ún. Orúkọ ẹni tó rà á ló wà lórí àkáǹtì náà látìbẹ̀rẹ̀. A ti ń fẹ́ yí i padà sí orúkọ ilé ìtọ́jú, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí wọ́n ti fi dọ́là rà wà lórí àkáǹtì àtijọ́, káàdì náírà wọn kò sì sanwó dọ́là lásìkò yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ báńkì ti dín in kù tàbí kí wọ́n dá a dúró.

Lẹ́yìn èyí ni físíò pín iṣẹ́ náà sí méjì. Awò dúró sí ilé ìtọ́jú, Alhájà ń wá lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lábẹ́ ojú olùrànlọ́wọ́. Nílé, àǹkárá gidi ló ń tò sórí pẹpẹ yàrá rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ká nípọn. Oṣù ń gorí oṣù. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì ń di etí aṣọ mú nígbà tí ọ̀tún ń wọ̀n ọ́n. Kò lè fi ọwọ́ náà ki bọ́tìnnì, kò sì dájú pé á ṣe é. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ni awò ṣe nínú rẹ̀, nítorí físíò, àǹkárá àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń lọ pọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọjọ́ tó to àpótí yẹn ni ọwọ́ náà kọ́kọ́ kọjá àyà.

Àwa tó ń to ẹ̀rọ yìí máa ń ro ìtànkálẹ̀ bíi ti fóònù, kí oníkálùkù ní tirẹ̀ lápò. Mo ti kúrò lórí èrò yẹn. Gbogbo ilé ní Èkó ló ń jẹ ata lílọ̀, síbẹ̀ ìwọ̀nba ilé ló ní ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tó mọ ohùn rẹ̀, tó ń pọ́n ọn, ẹni tó bá ní ata á sì gbé e lọ. Ọ̀nà yẹn ni awò VR lè gbà di ohun ojoojúmọ́ láàárín wa nísinsìnyí: ní ilé ìtọ́jú, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́, níbi tí ẹnì kan ti ń gba owó oṣù láti gba agbára sí i, nù ún, gbé e sí èèyàn lórí, kó sì rí ohun tí ẹni náà ń rí. Títí tí awò á fi fúyẹ́ bí gíláàsì tí èèyàn ń fọwọ́ kan gbé wọ̀, mi ò ní gba aláìsàn kankan nímọ̀ràn láti ra á sílé. Bí ilé ìtọ́jú bá sì ní owó awò méjì, ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n ra ọ̀kan, kí wọ́n fi owó ìkejì gba olùrànlọ́wọ́ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju awò yẹn lọ. Kí àkáǹtì wà lórúkọ ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó tú páálí, kí fóònù tó ń gba nọ́ńbà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn.

Ohun tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Gbogbo ètò tí a lò, Òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Olùrànlọ́wọ́ ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń túmọ̀ rẹ̀, aláìsàn sì ń gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹpẹ àti àpótí kò ṣòro láti yà fún ẹni tó bá mọ Unity, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ eré kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fi ìtì àǹkárá rọ́pò àpótí, kí físíò lè gbé pẹpẹ sókè díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù rẹ̀, kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí obìnrin kan sì gba ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá tó dán mọ́rán, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè sí i, Mà. Ó kù díẹ̀.” Mo ti bá físíò náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti ṣetán láti jẹ́ kí wọ́n wá dán an wò lọ́dọ̀ òun.